Ẹni Ra Orúkọ Àtijọ́ Kò Gbọdọ̀ Dí Ọ̀nà Rẹ̀



Àṣà burúkú kan ń gbilẹ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ ìlú àti àwọn oníṣòwò wa, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ sí i mọ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá rí owó díẹ̀, tàbí bí ọlọ́jà kan bá fẹ́ kí a mọ òun káàkiri ayé, yóò lọ ra orúkọ ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti lò fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò san owó gọbọi nítorí pé orúkọ náà ti pẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò pe ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, tí yóò wọlé pẹ̀lú àdá àti iná, tí yóò pa gbogbo ohun tí ó bá níbẹ̀ rẹ́, tí yóò sì kọ́ ilé tuntun sórí eérú. Wọn a ṣe ìṣílé pẹ̀lú àsè àti ìlù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé ayé kò rí àwọn mọ́. Àwa wí pé ìwà àìmòye ni èyí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ibi tí ojú gbogbo wa tó. Ní agbègbè Kosofe, bí ènìyàn bá ti Kétu kọjá tí ó kọrí sí Ìkòròdú, ni ọjà Mile 12 wà. Ibùsọ̀ ni a fi sọ orúkọ ibẹ̀, ní ayé ìgbà tí a ń ka ọ̀nà láti Èkó ní ibùsọ̀ ibùsọ̀. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí Nàìjíríà ti pa ìwọ̀n ibùsọ̀ tì, tí a sì ń fi kìlómítà ka ọ̀nà wa. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń pe ibẹ̀ ní Kìlómítà Mọ́kàndínlógún. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọkọ̀ BRT sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀nà náà dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, orúkọ ibẹ̀ kò yí padà. Awakọ̀ tí ó di tòmátò àti ata láti Kánò tàbí Kàdúná, orúkọ yìí ni ó ń béèrè títí yóò fi dé. (Àwa tí a fẹ́ràn èdè wa ìbá fẹ́ kí a máa pè é ní Ibùsọ̀ Kejìlá, ó sì dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n bí a bá pè é bẹ́ẹ̀, a ó kọ Mile 12 sí abẹ́ rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, kí ẹni tí ń bọ̀ láti Kánò má baà ṣìnà.)

Ǹjẹ́ bí ọlọ́rọ̀ kan bá ra ọjà yìí, tí ó mọ odi dí gbogbo ẹnubodè rẹ̀, tí ó ṣí ẹnu ọ̀nà tuntun kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn, tí kò sì fi pátákó kan sí ibi tí ẹnubodè àtijọ́ wà láti wí pé “Ẹ gba ibí”, kí ni ó rà? Ilẹ̀ lásán ni ó rà. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni ó ń jẹ́ ọjà, òun ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúkọ ojúlé rí. Google, tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀rọ awárí, ni Larry Page àti Sergey Brin dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998. Ìmọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá: wọ́n ní kí a má ṣe ti ẹnu ẹni nìkan mọ ẹni, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ojú-ìwé tí àwọn ojú-ìwé mìíràn bá ń tọ́ka sí, pàápàá àwọn tí ó ní iyì fúnra wọn, ni ẹ̀rọ náà ń gbé síwájú. Àwa náà kì í fi ọmọ fún ọkọ láì ṣe ìwádìí. Lónìí ẹ̀rọ náà ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí àwọn aládùúgbò kò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn tí a ń bá wí kò mọ̀, tàbí tí wọ́n mọ̀ tí wọn kò kà sí, ni pé ẹ̀rí yìí kò so mọ́ orúkọ nìkan. Ó so mọ́ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ kan ní Ìbàdàn bá tọ́ka sí ìtàn oyè ìlú kan lórí ojúlé náà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni ó tọ́ka sí. Yàrá kan pàtó ni ó na ìka sí. Bí a bá wó yàrá náà, ìka rẹ̀ wà ní nínà sí òfìfo. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé e yóò bá 404 pàdé, èyíinì ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń wí pé ohun tí a ń wá kò sí. Àwọn kan rò pé àwọn gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn a darí gbogbo àdírẹ́sì àtijọ́, bí igba tàbí irínwó, sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ kan ṣoṣo. Èyí dà bí ìgbà tí ènìyàn béèrè ìsọ̀ alálùbọ́sà ní Mile 12, tí a mú un padà sí ẹnu géètì tí a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Google fúnra rẹ̀ ti wí pé irú ìdarí bẹ́ẹ̀, tí kò bá ohun tí a ń wá mu, òun lè kà á sí 404 náà.

Ẹ má ṣe rò pé àròsọ ni a ń sọ. Ní ọdún 2009 ni Ọ̀gbẹ́ni Dele Olojede, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2005, gbé ìwé ìròyìn NEXT jáde ní Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ gbayì, àwọn ènìyàn sì ń kà á lórí ojúlé 234next.com. Ní ọdún 2011 ìwé ìròyìn náà kógbá sílé, ojúlé rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwọn àpilẹ̀kọ Wikipedia nípa Nàìjíríà, ẹ ó rí orúkọ yìí níbẹ̀ tí ó ń tọ́ka sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2024, ilé ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò pé nínú ọgọ́rùn-ún ojú-ìwé tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2013, 38 ni kò ṣeé rí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ mílíọ̀nù kan nù kí ó má mọ̀ ọ́n lára. Bí àwa bá sọ ogún nù, ìtàn ìlú kan ti lọ.

Àwọn alátakò wa ní èsì kan tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n ní: “Ní oṣù kẹta ọdún 2024 Google ṣe òfin lòdì sí àwọn tí ń ra orúkọ àtijọ́; kí ni ànfààní pípa ti àtijọ́ mọ́?” Wọn kò ka òfin náà tán. Àwọn tí ń ra orúkọ tí olóhun ti fi sílẹ̀, kí wọ́n lè fi iyì ẹlòmíràn ta ọjà tí kò bá a tan, ni a ṣe é fún. Google tilẹ̀ mú àpẹẹrẹ tẹ́tẹ́ tí a gbé sórí ojúlé tí ó ti jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé rí. Irú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ sí The Hairpin, ojúlé àwọn obìnrin òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010 tí ó sì dákẹ́ ní ọdún 2018: ọmọ ilẹ̀ Serbia kan ra orúkọ rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ hun kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ojúlé ìtàn ìlú tí ó sì ń bá ìtàn ìlú lọ, tàbí ẹni tí ó ra ojúlé àwọn aláta tí òun náà sì ń ta ata, kò jí aṣọ ẹnikẹ́ni wọ̀. Àrólé ni. Lóòótọ́, Google kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo iyì àtijọ́ ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Nítorí pé a lè má rí gbogbo ogún gbà, ta ni ó kọ́ wa láti da gbogbo rẹ̀ sínú iná?

A kì í sì í ṣe òpè nínú ọ̀ràn orúkọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó yóò máa jẹ́ Moshood Abiola University. Ẹni ẹ̀yẹ ni Abíọ́lá, ọmọ wa ni. Síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sí ìgboro, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti jáde níbẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 2013 ìjọba jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn kan náà tí ó kígbe lọ́jọ́ náà ni ó ń jókòó ní ìpàdé tí a ti ń pa ojúlé ẹgbẹ́ ìlú wọn rẹ́, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a ṣe kò tilẹ̀ le. Ilé ìkójọ kan wà ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní ọdún 1996. Láti ọdún 2001 ni ó ti ṣí Wayback Machine fún gbogbo ayé, níbi tí a ti lè rí bí ojúlé kan ti rí ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Kí a tó san owó, kí a wò níbẹ̀ bí orúkọ náà ti gbé ayé rẹ̀, bóyá onítẹ́tẹ́ tàbí oníjìbìtì ti gbé inú rẹ̀ rí. Kí a kọ gbogbo àdírẹ́sì àtijọ́ sínú ìwé kan, kí a sì kọ ti tuntun sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ṣeé fi sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a má fọwọ́ kàn án. Èyí tí ó gbọ́dọ̀ ṣípò, kí a fi àmì 301 darí rẹ̀ sí ojú-ìwé tí ó rọ́pò rẹ̀ gan-an. Nítorí 301 ń wí pé “mo ti kó lọ pátápátá”, ṣùgbọ́n 302 ń wí pé “mo lọ sí àjò, mo ń bọ̀”. Google ní kí ìdarí náà wà fún ọdún kan ó kéré tán. Àwa ní kí ó wà níwọ̀n ìgbà tí orúkọ bá wà lọ́wọ́ wa. Kí a sì rántí pé ẹni tí ó ra orúkọ kò ra ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé kọ síbẹ̀; kí a tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí a tó tún un gbé jáde. Ohun kan tún ń bí wa nínú: nígbà tí oníṣẹ́ bá ń kọ́lé lọ́wọ́, a fi àmì sí ẹnu ọ̀nà pé kí ẹ̀rọ awárí má ṣe wọlé, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn ìṣílé.

Àwọn ará wa kan tí ìfẹ́ èdè ń jó bí iná lè bi wá pé: kí ni a ó ṣe sí àwọn ojú-ìwé àtijọ́ tí a kọ láìsí àmì ohùn? A dáhùn pé kí a fi àmì sí i gbogbo, sí àkọlé, sí orúkọ ìlú, sí oríkì, nítorí ìtìjú ni kí a máa kọ Yorùbá bí ẹni ń kọ èdè odi. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí ó wà lókè ojú-ìwé kì í ṣe ibi àṣehàn. Kí a fi í sílẹ̀ bí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n; bí a bá sì yí i padà, kí ti àtijọ́ máa darí sí tuntun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin Ìjòyè ni ó kàn jù. A kì í ra orúkọ ojúlé tán láéláé; owó àsìkò ni a ń san lé e, ìbáà ṣe èyí tí ó parí sí .com tàbí .ng tí NiRA ń ṣàkóso. Bí a kò bá san án mọ́, ẹlòmíràn lè gbà á. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, orúkọ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni a fi gba ojúlé náà, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Bí ó bá bínú, tàbí bí ó bá ré òkun kọjá, ojúlé ìlú bá a lọ. Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí alága ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kí akọ̀wé dìde dúró kí ó sọ orúkọ ẹni tí ojúlé wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán, àti ibi tí ìwé àdírẹ́sì àtijọ́ wà. Bí kò bá rí i mú wá, kí a má ṣe fún oníṣẹ́ kankan ní kọ́bọ̀ fún ilé tuntun títí yóò fi mú un wá.