Àlùbọ́sà Tí Kì Í Ṣe Ti Ọbẹ̀

Kirkissoye wà ní apá ọ̀tún Odò Ọya nílùú Niamey, àdúgbò oko ìrẹsì àti ọgbà ẹ̀fọ́ ni. Ohun méjì ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gbin òdòdó síbẹ̀ rò: omi àti àlùbọ́sà. Ti omi kò ṣòro mọ̀. Lọ́dún 2012 àti 2020, odò kún wọ àdúgbò náà, ó ba ilé àti oko jẹ́. Ti àlùbọ́sà ni ọ̀pọ̀ onílé kì í rántí.

Ilẹ̀ àlùbọ́sà ni Niger. Èyí tí wọ́n ń pè ní Violet de Galmi, tó ti Galmi ní àgbègbè Tahoua jáde, ni wọ́n ń kó lọ tà títí dé Benin àti Ghana. Bí ọmọ tó dàgbà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá rí kókó roboto kan lẹ́yìn ilé, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ ìpele-ìpele, ilé ìdáná ló máa gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kókó abẹ́ ilẹ̀ òdòdó crinum ṣe rí. Àwọn Hausa tilẹ̀ ń pè é ní albasar kwadi, àlùbọ́sà ọ̀pọ̀lọ́. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́ ló dára, nítorí májèlé tó ń jẹ́ lycorine wà nínú rẹ̀, tó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Bí ọmọ bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn, kí wọ́n sì mú ewé tàbí kókó náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ.

Imú ló kọ́kọ́ ń dá a mọ̀. Bí wọ́n bá ge àlùbọ́sà gidi, òórùn rẹ̀ á gba ilé kan, ojú á sì máa ta. Òdòdó yìí kò ní òórùn àlùbọ́sà rárá. (Ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gé àlùbọ́sà lè tanni jẹ, ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣeé gbà.)

Bí ó bá ti yọ òdòdó, iṣẹ́ dínkù. Ti crinum máa ń funfun, àwọn kan sì ní ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan. Igi tó gbé òdòdó náà kì í ní ihò nínú. Èyí tó pupa, tó la ẹnu bíi fèrè, tí igi rẹ̀ sì ní ihò nínú bí ọ̀pá ìbẹ́pẹ, hippeastrum ni, Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un wá. Èyí tó rí bíi bọ́ọ̀lù pupa, tí òdòdó wínníwínní inú rẹ̀ lè tó 200, ni Scadoxus multiflorus, ọmọ Áfíríkà gan-an. Májèlé wà nínú àwọn méjèèjì náà. Scadoxus ló sì yẹ kí ìyá ọlọ́mọ ṣọ́ jù, nítorí èso rẹ̀ pupa, ó ń dán, ó ń wu ọmọdé.

Òjò Niamey kéré, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń rọ̀. Kí òjò tó dé ni kí wọ́n ti gbin scadoxus, kí ọrùn kókó rẹ̀ yọ díẹ̀ sókè ilẹ̀. Amọ̀ oko ìrẹsì kò bá a mu, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ìkòkò tó ní ihò nídìí, tí wọ́n po iyanrìn mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ló yẹ ẹ́. Bí odò bá sì ń kún, ìkòkò ṣeé gbé sá. Tí ewé rẹ̀ bá gbẹ lẹ́yìn òjò, kò kú, ó ń sùn ni. Bíbomi rin ín lákòókò yẹn ló ń pa á.

Crinum le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé etí omi gan-an ni ilé wọn. Wọn kì í fẹ́ kí wọ́n máa hú wọn kiri, ẹni tó bá sì ṣí wọn nídìí lè má rí òdòdó lọ́dún yẹn. Irúgbìn rẹ̀ kò ṣeé sá gbẹ bíi ti ẹ̀fọ́: ó tóbi, ó lómi nínú, bí wọ́n bá sì gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì láìbomi rin ín, ibẹ̀ náà ni yóò ti hù.