Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Rẹ́rìn-ín

Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá mú ọkọ̀ ní Ṣàgámù Interchange, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Bìní, fóònù ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. Kàtúùnù ló sábà máa ń wà lójú fóònù náà, ẹkún á sì dẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Yorùbá kọ́ ló ń sọ. Èrò mi ni pé bí a bá fẹ́ kí kàtúùnù Yorùbá rọ́wọ́ mú lọ́kàn àwọn ọmọ yìí, ẹ̀fẹ̀ la gbọ́dọ̀ tì síwájú, kí ẹ̀kọ́ máa tẹ̀ lé e.

Ẹ wo Tom àti Jerry, tí William Hanna àti Joseph Barbera bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1940. Ológbò ń lé eku, ọgbọ́n tí ológbò bá dá á sì dà lé òun fúnra rẹ̀ lórí. Kò sí ìwàásù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá ṣọ̀wọ́n, síbẹ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ ibi tó ti yẹ kóun rẹ́rìn-ín. Àṣẹ ni ọmọdé ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: jókòó, dákẹ́, má fọwọ́ kàn án. Bó bá wá rí i tí kékeré fọgbọ́n borí ńlá, ara rẹ̀ ló rí. Àwọn tó ń pàlọ́ Ìjàpá ti mọ èyí tipẹ́. Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó fẹ́ lọ fi pamọ́ sórí igi, ó so ó mọ́ ikùn, kò rí igi gùn mọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ ló ní kó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Kí ni ayàwòrán tún ń wá? Akèrègbè ń tì í sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kúkúrú ń yọ̀ lára igi, ẹni tó ní òun ti kó ọgbọ́n tán ń gba ìmọ̀ràn lẹ́nu èrò ọ̀nà. Ọmọ tó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ yé. Àlàyé tí a bá tún ṣe lẹ́yìn náà, adùn ìtàn ló ń bà jẹ́.

Àwọn kan á ní irú ẹ̀rín yìí ń kọ́ ọmọ ní ìjà àti ìyànjẹ. Lóòótọ́, ó yẹ kí àgbà wà nítòsí ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ẹni tí a fi igi gbá lórí kì í dìde bíi Tom. Ṣùgbọ́n olè ni Ìjàpá, wọ̀bìà sì ni, àwọn baba wa kò torí ìyẹn lé e kúrò nínú àlọ́. Ìtìjú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àtakò tó wúwo ni ti owó. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú sinimá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnìkan ló sì gbọ́dọ̀ ṣètò wọn. Disney àti ilé-iṣẹ́ Kugali gbé Èkó sínú kàtúùnù Iwájú lọ́dún 2024, Gẹ̀ẹ́sì ló sì gba ibẹ̀ kan. A kò lówó Disney. House of Ajebo, kàtúùnù ẹlẹ́fẹ̀ ti Nàìjíríà, náà kò ní in: àwòrán rẹ̀ kò lọ́ṣọ̀ọ́ púpọ̀, àmọ́ bí òbí ilẹ̀ wa ṣe ń bọ́mọ wí gan-an ló ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ló fi gbayì. Ẹnu tó dùn lè ṣe ohun tí owó kò ṣe.

A ti rí irú rẹ̀ rí nílẹ̀ wa. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Rẹ́mọ, ló dá tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959. Orí tẹlifíṣàn náà ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, pẹ̀lú awò ojú ràgàjì àti táì ọrùn tó tóbi ju èèyàn lọ. Kàtúùnù ẹlẹ́ran ara ni, Yorùbá ló sì ń sọ. Nítorí náà, kí tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ Ògùn pe àwọn aláwàdà àti ayàwòrán jókòó pọ̀, kí wọ́n ṣe Ìjàpá oníṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ṣàgámù wò. Ibi tí wọn kò bá ti rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lọ tún un ṣe.