Ìbéèrè Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀ Nínú Ẹ̀kọ́ Ìṣirò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró ní Òkèṣà ní Adó-Èkìtì, tí ó ní kí wọ́n júwe ọ̀nà fún òun, láìsọ bóyá Ìkẹ́rẹ́ ni òun ń lọ tàbí Ìfàkì, ta ni yóò dá a lóhùn? Irú ìbéèrè báyìí ni ó ń sú àwọn olùkọ́ ìṣirò. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ìwé wá, á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìdáhùn rẹ̀?' Kò gbìyànjú ohunkóhun, kò sì lè sọ ibi tí ó ti rú u lójú.

Olùkọ́ lè bínú, ṣùgbọ́n ìbínú kò yanjú ọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ bá ń fi máàkì fún ìdáhùn nìkan, tí kì í wo ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà dé ibẹ̀, òun ni ó kọ́ ọmọ náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Òǹkà Yorùbá fi èyí hàn kedere. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè béèrè pé, 'Kí ni wọ́n ń pe 45?' Wọ́n á ní márùndínláàádọ́ta, ọ̀rọ̀ parí. Òmíràn lè sọ pé: 'Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Bí a bá yọ mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta. Kí ló dé tí a kò fi yọ mẹ́wàá kúrò nínú ogójì kí a tó pe 30, tí ọgbọ̀n fi ní orúkọ tirẹ̀?' Ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó fi ohun tí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ hàn, ó tọ́ka sí ibi tí kò yé e, olùkọ́ pàápàá yóò sì ronú kí ó tó fèsì.

Nínú ìwé tí George Pólya tẹ̀ jáde ní 1945 lórí bí a ṣe ń yanjú ìṣirò, kí ìbéèrè yé ènìyàn ni ìgbésẹ̀ kìíní. Èdè ni ó sì ń jẹ́ kí ó yéni. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, fi kan ẹ̀ka Yorùbá. Ọmọ tí wọn kò gbà láyè láti fi èdè rẹ̀ sọ ohun tí ó rú u lójú, 'kí ni ìdáhùn?' nìkan ni yóò kù sí i lẹ́nu.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lọ dánra wò ní Adó, Ìyìn tàbí Ìkẹ́rẹ́ má ṣe bú ọmọ, kí ó má sì gbé ìdáhùn lé e lọ́wọ́. Kí ó bi í ní mẹ́ta: Kí ni wọ́n ní kí o wá? Kí ni o ti ṣe? Níbo ni ó ti dí? Ọmọ tí wọ́n bú nítorí ìbéèrè tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kò ní béèrè èyí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.