Omi Tó Mọ́ Láàárọ̀, Tó Pọ́n Lálẹ́

Ní Rumuokwuta ní Port Harcourt, ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, ayálégbé lè pọn omi kànga ẹ̀rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun láàárọ̀, kó rí i pé ó mọ́ gaara. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú omi ti pọ́n, ìpẹtà ti jókòó sísàlẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n fi fọ̀ kì í funfun mọ́. Tíì tí wọ́n fi sè a máa dúdú. Agbẹ́kàǹga ni wọ́n máa ń bú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ni irin. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé tonílé tagbẹ́kàǹga gbà pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí omi bá ti tú jáde.

Iyanrìn abẹ́ Port Harcourt ní irin nínú, omi rẹ̀ a sì máa kan díẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin náà yọ́ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Ìgbà tó bá pàdé afẹ́fẹ́ ló ń di ẹ̀rún ìpẹtà. Ìdí nìyí tí asẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ fi ń já onílé kulẹ̀: asẹ́ kò lè mú ohun tó ṣì yọ́. Gbígbẹ́ jìn sí i náà kì í fìgbà gbogbo ṣe é. Owó á pọ̀, irin sì lè wà níbẹ̀.

Ètò ìgbésẹ̀ ìtọ́jú omi ló ṣe kókó. Kí omi kọ́kọ́ gba orí àwo oníhò já bọ́ bí òjò, kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Kó gba àárín òkúta ẹfun kọjá, kí kíkan rẹ̀ rọlẹ̀: bí pH, òdiwọ̀n tó ń gòkè bí kíkan bá ń rọlẹ̀, bá fi ìpele kan gòkè, ìpẹtà á yára dì tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Kó sinmi nínú táǹkì, kí ẹ̀rún so pọ̀, kó rì. Èyí tó kéré jù, álọ́ọ̀mù díẹ̀ á kó o jọ. Ìgbẹ̀yìn ni iyanrìn tí yóò sẹ́ ìyókù, tí wọ́n á sì máa fọ̀ déédéé.

Àwọn kan á ní irin inú omi kì í pani. Òótọ́ ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òté lé e nítorí ìlera. Síbẹ̀, ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti 2007 fi òpin rẹ̀ sí mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan. Bó bá jẹ́ 3, gíráàmù 3 irin ló ń wọ táǹkì lítà 1,000 nígbàkúùgbà tó bá kún. Irin yìí ń jẹ agbára klorín, ìpẹtà rẹ̀ sì ń di ibùba kòkòrò nínú páìpù. Ẹni tó ti náwó kànga tún ń ra omi inú ọ̀rá mu.

Nítorí náà, kí owó àwo, òkúta ẹfun àti iyanrìn wà lórí ìwé kan náà pẹ̀lú owó páìpù àti ẹ̀rọ. Kí onílé má sì san àṣẹ́kù owó agbẹ́kàǹga títí omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun yóò fi mọ́jú láìpọ́n.