Bí Irinṣẹ́ Kékeré Ṣe Ń Ba Orúkọ Ńlá Jẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ta ni ń wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi orúkọ náà ṣe? Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn irinṣẹ́ kan wò tí ojú kì í sábà rí.

Inú Unix ni wọ́n ti wá, ètò tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969. Wọn kò ní àwòrán; ọ̀rọ̀ títẹ̀ ni a fi ń pàṣẹ fún wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: wc ń kà, sort ń tò, grep ń wá ọ̀rọ̀, tr ń fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn. Ẹni tó mọ ọjà Mile 12 mọ ọgbọ́n yìí. Bí ọkọ̀ tòmátì bá ti òkè Ọya dé, ẹni tó ń já ẹrù kọ́ ló ń ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò, ẹni tó ń ṣà á kọ́ ló sì ń rù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Unix: ohun tí irinṣẹ́ kan bá ṣe tán, òmíràn a gbà á.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jìn. Láti ọdún 2015 ni Android ti ń lo toybox, àkójọpọ̀ irú irinṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà nínú fóònù aláta ní Mile 12, wọ́n sì wà nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ nínú dáńfó ní Kétu.

Ẹ wá wo orúkọ yìí: Adébọ̀wálé. Lẹ́tà kan tó ní àmì ohùn ni ọ̀ lójú wa. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun méjì ni: ọ, tó gba ààyè báìtì 3, àti àmì ohùn, tó gba báìtì 2. Báìtì 1 péré ni o lásán ń gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irinṣẹ́ tr ti GNU, tó wọ́pọ̀ lórí Linux, kò mọ̀ ju lẹ́tà oníbáìtì kan lọ. Bí a bá ní kó fi o rọ́pò ọ, kí orúkọ náà lè di orúkọ fáìlì, Adébooòwálé ni yóò kọ. Báìtì 3 ló rí, o 3 ló sì fi dípò rẹ̀. Sed ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìba orúkọ jẹ́.

Ṣé gbogbo rẹ̀ ni àléébù? Rárá. Bí wc -c bá ní 5 ni ọ̀, kò ṣì í. Báìtì ni a ní kó kà. Bí wc -m bá ní 2 ni, òun náà kò ṣì í. Kò kàn mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní lẹ́tà ni. Ẹni tó bá yí irú èyí padà lójijì lè da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ètò tó gbára lé e rú. Àléébù ni a ń tún ṣe. Ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ ni a ń fi kún un sí, láìjẹ́ kí irinṣẹ́ náà wúwo jù.

Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, n kò ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, mo gbà pé iṣẹ́ àwa olédè náà ni. Ẹni tó mọ kóòdù ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ Yorùbá lè má mọ̀ pé lẹ́tà kan ni gb nínú lẹ́tà 25 tí a ní. Ó lè má mọ̀ pé ẹ̀yìn e ni ẹ ń wà, kì í ṣe ẹ̀yìn y, níbi tí sort ń tì í sí bó bá jẹ́ báìtì nìkan ló ń wò. Kóòdù GNU àti ti toybox wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi ẹ̀sùn àléébù ránṣẹ́. Ohun mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú rẹ̀: ẹ̀dà irinṣẹ́ tí ẹ lò, àṣẹ tí ẹ tẹ̀, èsì tí ẹ rí, àti èsì tó tọ́.

Ẹ gba Termux, áàpù ọ̀fẹ́, sórí fóònù Android yín. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí àwọn irinṣẹ́ náà yóò sọ ọ́ dà. Bí wọ́n bá bà á jẹ́, ẹ má ṣe yọ àmì kúrò lára orúkọ ọmọ; ẹ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú irinṣẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.