Ilé Làbọ̀ Simi Oko: Yayi, Yéwa àti Alímọ̀ṣọ́

Àgbẹ̀ lè pa àgọ́ sóko, kó fẹ́yàwó sóko, kó sì jẹ baálẹ̀ oko. Bí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀, ọ̀nà ilé ló máa kọjú sí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ilé làbọ̀ simi oko. Ojú àgbẹ̀ ni wọ́n fi wo ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bi oko léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tí àgbẹ̀ di ẹrù rẹ̀.

Ẹ wo Sẹ́nétọ̀ Solomon Ọlámilékan Adéọlá, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Yayi. Ọmọ Yéwa ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni, akáǹtáǹtì ni, ṣùgbọ́n Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó ló ti di olóṣèlú. Ní 2003, ẹkùn ìdìbò kejì ní Alímọ̀ṣọ́ rán an lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, ó sì lo sáà méjì níbẹ̀. Ní 2011, Alímọ̀ṣọ́ tún dìbò fún un, ó di ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Níbi méjèèjì, òun ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò. Ní 2015 ó di sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkó, níbi tí Alímọ̀ṣọ́ wà pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án mìíràn. Ó tún wọlé ní 2019. Nígbà tó di 2023, lẹ́yìn ogún ọdún gbáko, ó ká ẹní rẹ̀, ó gba Yéwa lọ, wọ́n sì dìbò yàn án ní sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn.

Èmi ò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Òfin tó ní kí ẹni tó fẹ́ lọ Sẹ́nétì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó sì pé ọdún márùndínlógójì, kò béèrè ibi tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ sí. Yéwa náà mọ ìdí tó fi ń pe ọmọ rẹ̀ wálé. Láti 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, kò sí ọmọ Yéwa tí wọ́n tíì dìbò yàn ní gómìnà níbẹ̀. Ṣáájú ìbò 2019 pàápàá, Yayi ti nawọ́ sí ipò náà, kò kàn bọ́ sí i ni. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lóko tó gbé ọgbọ́n relé, òwe wa ló tẹ̀lé.

Àwa tí a kù lóko ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ìkànìyàn 2006 fi hàn pé àwa ará Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,200,000, ìjọba Èkó sì ní iye yẹn kéré jù. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó pọ̀ tó wa. Síbẹ̀, ẹ dúró lọ́jà Ìkòtún kí ẹ béèrè ìlú àwọn tó ń tajà. Ọ̀kan á ní Ìlá, ọ̀kan á ní Ìkọ̀lé, ọ̀kan á ní Abẹ́òkúta. Bàbá onílé tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ẹ̀gbẹ́dá, tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, á ní òun kàn ń gbé Èkó ni, ìlú òun wà lọ́hùn-ún. Ìlú ọ̀hún ló ń dáwó ìdàgbàsókè fún. Gọ́tà iwájú ilé rẹ̀, ó ní ti ìjọba ni. Àwọn Àwórì nìkan, àwọn tó ni Ìkòtún, Ìgàndò àti Ìṣẹ́rí, ni kò ní ilé mìíràn tí wọ́n fẹ́ padà sí. Ṣé a wá lè ní kí olóṣèlú má ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe?

Ibi tí òwe yìí ti wá ń ṣe wá ní jàǹbá nìyí: oko tí gbogbo olóko gbà pé ilé òun wà níbòmíràn kì í rí ẹni béèrè nǹkan fún un. Láti 2003 tí Tinubu, gómìnà Èkó nígbà náà, ti pín ìjọba ìbílẹ̀ Èkó, káńsù mẹ́fà ló wà ní Alímọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò káńsù ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025, ilé ni ọ̀pọ̀ wa jókòó sí. Ẹgbẹ́ APC kó ipò alága mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó wà ní gbogbo Èkó. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ta ni yóò wá bi káńsù Ìgàndò-Ìkòtún tàbí ti Àyọ̀bọ́-Ìpájà bí wọ́n ṣe ná tiwọn?

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ó kéré tán, ẹ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Bí káńsù bá pe ìpàdé ará àdúgbò lórí ìsúná ọdún, ẹ lọ, kí ẹ gba ìwé rẹ̀ kà, kí ẹ sì béèrè èyí tó jẹ́ ti òpópónà yín. Bí wọn kò bá pè é, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí wọ́n pè é.