Ta ló ń jẹ "ò" mọ́ wa lẹ́nu? Dátà kọ́!



Lọ́dún tó kọjá, ìró kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹbí wa ká. Àwọn àgbà wa wà ní Collines, ní Savè; àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Ìbàdàn. Wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì pe Bàbá, wọ́n ní: "Bàbá, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Ṣé ẹ ti tà á?" Bàbá mọ̀ pé ẹ̀ka èdè Ṣábẹ kì í yé àwọn ará Ìbàdàn tán, ó bá fi Yorùbá tó yé gbogbo wa dáhùn: "A ò tíì tà á." Ohun tí wọ́n gbọ́ ní Ìbàdàn ni: "A ti tà á." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, àfìgbà tí ẹnì kan wọkọ̀ lọ sí Savè, tó rí i pé Bàbá ṣì ń gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ náà.

Kí ni gbogbo wa sọ? "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Ẹ ra dátà sí i." Irọ́ ni a ń pa fún ara wa, àwọn tó ń ta dátà sì ń dunnú sí i. Ohùn tó já gaara kò nílò ju bíi kìlóbíìtì 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Epo lè kún táǹkì ọkọ̀ yín, ìyẹn ò ní kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ó tú.

Ségesège àkókò ni àìsàn náà, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jitter. Fóònù ń gé ohùn wa sí wẹ́wẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ ègé 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé mìlísẹ́kọ́ǹdì 20 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Wọ́n ń jáde lẹ́sẹẹsẹ bí ọwọ́ onílù. Ṣùgbọ́n àwọn kan bọ́ sínú èrò lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn ò bọ́ sí i. Fóònù tó ń gbà wọ́n ń dúró díẹ̀ kó lè tò wọ́n padà. Èyí tó bá pẹ́ jù, yóò dà á nù, yóò sì fi àbá dí àyè rẹ̀. Yorùbá ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo àti ohùn orí rẹ̀ ló ya "a gbà" sọ́tọ̀ kúrò lára "a ò gbà". Ègé bíi márùn-ún péré ló tó láti sọ "kò rí bẹ́ẹ̀" di "bẹ́ẹ̀ ni".

Àwọn kan ní ká máa fi ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́. Òótọ́ ni pé ìyẹn máa ń dé odindi, torí ó lè dúró. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ohùn àfiránṣẹ́ parí ìjà ẹbí?

Nítorí náà, kí a tó ná owó mìíràn, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí ó ti ń jò. Ẹ fi ping ránṣẹ́ ní ìgbà 100. Ẹ má wo ìpíndọ́gba. Ẹ wo èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ kọ́kọ́ fi í sí ẹ̀rọ Wi-Fi ilé yín. Bó bá ń fò láti 3 sí 200, inú ilé ni ẹjọ́ wà: ẹ sún mọ́ ẹ̀rọ náà tàbí kí ẹ lo wáyà. Bí ìyẹn bá dúró ṣinṣin, ẹ fi í sí ìta, lákọ̀ọ́kọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lo nǹkan kan, lẹ́yìn náà nígbà tí ọmọ kan ń gba fíìmù. Bí 60 bá di 800, ìlà gígùn ló ń tò sínú ẹ̀rọ. Jim Gettys ló sọ ọ́ ní bufferbloat. Oògùn rẹ̀, FQ-CoDel, ti wà nínú ìwé ìlànà RFC 8290 láti 2018, ẹ̀rọ tó ní SQM sì lè lò ó. Ṣùgbọ́n bí ilé bá dákẹ́, tó dára ní aago márùn-ún ìdájí, tó tún ń fò ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹjọ́ iléeṣẹ́ yín ni. Ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, ARCEP wà ní Bẹ̀nẹ̀, NCC wà ní Nàìjíríà.

Ẹ̀bi tó tóbi jù sì kù. Odò Ọ̀pàrà tó pa ààlà kò jìnnà sí Savè. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìsọfúnni tó ń ti orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan lọ sí èkejì ti ń gba Yúróòpù kọjá. Kìlómítà 1,000 nínú wáyà gíláàsì ń gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 5. Láti Èkó dé Pọtogí tó bíi 7,000. Àlọ àti àbọ̀ ti jẹ 70, nígbà tí ìlànà ITU ní kí ohùn má ju 150 lọ kó tó dé etí. Jíjìn nìkan kì í fa ségesège, ṣùgbọ́n gbogbo oríta tí a bá kọjá ni ìlà lè wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ jìyà rẹ̀. Ibi ìpàṣípààrọ̀ wà ní Kútọnu, IXPN wà ní Èkó. Kí àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì so ọwọ́ pọ̀ tààrà! Aládùúgbò kì í gba ìlú òyìnbó kọjá kó tó kí aládùúgbò.

Ẹ dán ping yìí wò lálẹ́ òní. Ẹ kọ ìlú yín, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sísàlẹ̀ níbí, kí a lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́. A ò gbà mọ́ o! Ẹ sì ka "ò" yẹn dáadáa.